Orúkọ Tí O Pa Rẹ́ Lójú Fóònù

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Gbé ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, pa fóònù, kí o jókòó, nítorí lẹ́tà yìí gùn. Mo mọ̀ pé o máa béèrè pé kí ló dé tí màmá kò fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù bó ṣe máa ń ṣe. Ohùn máa ń rìn ni. Ohùn tìrẹ gbéra ní Àjàṣẹ́, ó yà ní Sákétè, ó sì dé Pọ́bẹ̀ wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. N kò fẹ́ kí tèmi náà gun alùpùpù káàkiri. Bébà ni mo mú. Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ mi láti ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kọ ọ́, nítorí náà bí o bá rí i pé mo ń sọ̀rọ̀ bí oníwàásù, má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ara mi le. Ẹ̀rọ mi náà le. Àwọn ọmọṣẹ́ kí ọ. Ìkíni tó bẹ́ẹ̀.

O pè mí lọ́jọ́ Àìkú, o ń sunkún. O ní o máa fi iṣẹ́ tuntun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí sílẹ̀, o ní o máa pa gbogbo fídíò tí o ti ṣe rẹ́ pátápátá, pé bóyá nígbà náà ni inú àwọn ará ilé Àkànbí yóò rọ̀ tí wọ́n á jẹ́ kí ìdána yín wáyé. N kò dá ọ lóhùn kankan. Inú ń bí mi lọ́jọ́ yẹn, n kò sì mọ̀ bóyá ìwọ ni mo ń bínú sí tàbí àwọn. Nísinsìnyí mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. O kò ní í fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. O kò sì ní í pàdánù ọkọ rẹ. Méjèèjì ni o máa dì mú, bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan di aṣọ mú tí a sì ń fi ọwọ́ kejì yí ẹ̀rọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé etí mi. Ìyá kan láti Sákétè tí mo rán búbà fún wá gba aṣọ rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ wò, ó bá a mu, ó yí padà yí padà níwájú dígí. Ìgbà tí ó ṣe tán ló yọ fóònù jáde, ó ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ṣé kì í ṣe ohùn ọmọ yín rèé?"

Mo wò ó. Iṣẹ́ rẹ ni lóòótọ́. Fídíò tí o ṣe fún àwọn onígàrí Sákétè ni, èyí tí o fi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè máa fi fóònù pín ọjọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ gbágùúdá, kí oníkálukú lè mọ ọjọ́ tirẹ̀ láìsí pé ẹnì kan ń fa aṣọ ẹnì kan ya nídìí ẹ̀rọ. Ojú fóònù rẹ gan-an ni a ń wò, a ń rí ibi tí ìka rẹ ń tẹ̀, ohùn rẹ sì ń ṣàlàyé lábẹ́ rẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí o ní kí a kọ orúkọ ẹnì kan sí ọjọ́ Ajé, o sì pe orúkọ náà jáde. Orúkọ bàbá Àkànbí ni. O pè é ní gbangba, kò sí Bàbá níwájú rẹ̀, bí ẹni tó ń pe ọmọ kékeré pé kó lọ pọn omi. Kò tán síbẹ̀. O tún ní, "Ẹ wò ó, mo ti ṣì í kọ. Mo fẹ́ pa orúkọ yìí rẹ́. Ẹ tẹ ibí. Ó ti lọ. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ibẹ̀ ni fídíò náà parí sí. Ìyá náà ń wo ẹnu mi. Abẹ́rẹ́ wà láàárín eyín mi, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, nítorí pé òun ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Kí ọjọ́ náà tó ṣú, mo gbọ́ pé àwọn onísẹ́míjàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ní ìkóríta Sákétè ti sọ ọ́ di àwàdà. Bí ọ̀kan bá gbé èrò tó sì ṣáná sí alùpùpù rẹ̀, àwọn yòókù á pariwo pé, "Ó ti lọ, kò sí níbẹ̀ mọ́." Ní ọjọ́ kejì ni ilé Àkànbí ránṣẹ́ sí mi pé kí ìdána dúró ná, àti pé bí ọmọ mi bá fẹ́ ṣe ìyàwó níbẹ̀, kó jáwọ́ nínú iṣẹ́ fóònù. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ nìyẹn, n kò fi iyọ̀ sí i.

Mo mọ ìdí tí o fi lo orúkọ náà. O ti sọ fún mi, mo sì gbà ọ́ gbọ́: kò sẹ́ni tí kò mọ bàbá náà ní ọjà gàrí, o sì rò pé bí wọ́n bá rí orúkọ rẹ̀, wọ́n á fetí sílẹ̀. Àpọ́nlé lo rò pé o ń ṣe. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé náà ló sì yẹ kí a wò kí a tó la ẹnu pe orúkọ tí a ti sọ ẹni. Nítorí náà jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn mi láti ibẹ̀.

Èkíní. Ìyàwó kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ. Kì í ṣe ti bàbá ọkọ nìkan o. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sínú ilé náà kí ìyàwó tó dé, ọkọ ni gbogbo wọn, títí kan ọmọ tó ń rá kòrò. Ìyàwó ni yóò wo kálukú wọn dáadáa, tí yóò sì wá orúkọ tirẹ̀ tí yóò máa pè wọ́n. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Àjàṣẹ́ lo dàgbà sí nítorí ilé ìwé, ní ilé ìwé sì rèé, orúkọ ni wọ́n ń pè láàárọ̀ láti mọ ẹni tó wá. Ó yẹ kí n ti jókòó tì ọ́ kí n sọ èyí fún ọ. Mo ń dúró de àsìkò ìdána. Àsìkò náà kò dúró dè mí.

Èmi náà ṣe é rí. Nígbà tí mo ti Ìsàbà wá sí Pọ́bẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ẹnu mi yá ju ọwọ́ mi lọ. Àbúrò bàbá rẹ obìnrin kan wà nílé tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká. Mo pè é lórúkọ pé kó bá mi gbé ìgbálẹ̀ wá. Ìyá bàbá rẹ kò pariwo, kò sì bú mi. Ó kàn béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ìyàwó, ta lo bá nílé?" Ọ̀tún àti òsì ni mo ń wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo jókòó ti ọmọ náà, mo wò ó títí, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi pẹ̀lú eyín ọ̀hún tó ṣí sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní Eyínafẹ́.

Eyínafẹ́ ti di ìyá ọmọ báyìí, eyín rẹ̀ ti hù, òmíràn sì ti tún ká. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀ àyàfi èmi. O rántí ọjọ́ tí bàbá rẹ kú, tí èrò kún inú ilé tí n kò sì mọ ẹni tó ń wọlé mọ́? Ẹnì kan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyàwó mi, Eyínafẹ́ rẹ dé." Ìgbà yẹn ni mo tó lè sunkún. Ohun tí orúkọ yẹn wà fún nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Kì í ṣe ìbẹ̀rù. Okùn ni.

Mo ti lọ sí Sákétè nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo rí bàbá náà, ó sì fún mi ní iṣẹ́ tí mo máa jẹ́ fún ọ. Mo mọ̀ ọ́, ojú rẹ ti ń sáré lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Mú un padà. O máa débẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìgbéyàwó ló ṣe pàtàkì tí iṣẹ́ kàn jẹ́ eré.

Àṣìṣe kò kan ọgbọ́n. Bí o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé o ṣì í ṣe níjọ́ kan, àwọn tí wọ́n rẹ́rìn-ín yóò ní àwọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fídíò tí orúkọ Bàbá wà nínú rẹ̀ nìkan ni kí o gbé kúrò, kí o sì tún òmíràn gbà dípò rẹ̀. Àwọn yòókù, má fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyá oníbúbà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kó tó lọ, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń tẹ̀lé ohun tí o fi hàn wọ́n, ìjà ti dín kù nídìí ẹ̀rọ. Ó fi ẹnu kan náà sọ méjèèjì, pé iṣẹ́ rẹ dára, pé ọ̀rọ̀ rẹ burú. Èmi fara mọ́ ọn.

Ìkejì. Kí o tó tẹ ohun tó ń gba ojú fóònù sílẹ̀, gbá ojú fóònù náà bí a ṣe ń gbá iwájú ilé nígbà tí àlejò ń bọ̀. Ohun gbogbo tó bá já lé e lórí ni ayé yóò rí. Ṣé o ti gbàgbé fídíò tí o fi kọ́ wọn bí a ṣe ń ya àwòrán àpò gàrí ránṣẹ́? Ní àárín ẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ já bọ́ láti òkè, tó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé inú tó ń run ọ́ ti rọ̀?" Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bi mí léèrè inú rẹ. Ọ̀kan tilẹ̀ fi ojú béèrè ìbéèrè mìíràn tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ. Nítorí náà, ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ wọlé. Yẹ òkè fóònù wò, yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, yẹ àwòrán tó wà lẹ́yìn wò. Ìgbà tí ó bá mọ́ ni kí o bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ tí o bá sì fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, má ṣe mú ti ẹni tó wà láàyè láìgba àṣẹ, ìbáà jẹ́ èmi ìyá rẹ. Kọ Onígàrí Kìíní, kọ Onígàrí Kejì. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ránṣẹ́ pe ẹbí.

Ìkẹta ni ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ yá jù. Ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀, mo mọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọmọṣẹ́, mo máa ń gé aṣọ níwájú wọn bí ẹni tí wọ́n ń lé, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀gá wọn mọṣẹ́. Ọmọbìnrin kan wà láti Ahoyéyé tó fi ọrùn búbà oníbàárà ṣe ihò tí orí méjì lè gbà kọjá. Mo bú u, mo ní ṣebí ìṣojú ẹ̀ ni mo gé èyí àkọ́kọ́. Ọmọ náà kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ yín ni mo rí. Mi ò rí ibi tí àlùmọ́gàjí gbà." Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi jókòó. Iṣẹ́ tí mo fi ń ṣe fọ́ńté ni mo pè ní ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, sọ ibi tí o fẹ́ tẹ̀ kí o tó tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́. Dúró. Jẹ́ kí ẹni tó ń wò rí ohun tó yí padà kí o tó lọ síbòmíràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn ìyá tó ń wò ọ́ kò sí nínú biróò níbi iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ. Ìyẹ̀fun gàrí wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń gbé fóònù sí kí ojú wọn tó rí lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ bí a ṣe ń dá fídíò dúró. Ìwọ ni kí o dúró fún wọn. Bí o bá ṣe fídíò tán, fi han ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí o sì jókòó lé ọwọ́ rẹ méjèèjì. Bí ó bá di dandan kí o na ìka sí i, fídíò náà kò tíì jinná.

Má sì sọ pé ó rọrùn mọ́. Mo gbọ́ ọ nínú fídíò kan, o ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́: ó rọrùn, ó rọrùn gan-an. Ẹni tí kò bá rí i ṣe lẹ́yìn tí o ti sọ bẹ́ẹ̀, kí ni kó pe ara rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ńkọ́? Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa fi Faransé sọ pé ẹ klikẹ, ẹ validẹ, kí ẹ tó anulẹ? Ìyá tó ń yan gàrí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń validẹ. Sọ fún un pé kó tẹ ibi tó ní àwọ̀ ewé. Ó mọ ewé. Ohùn tí o fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nílé ni kí o fi bá wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn biróò tó ń gba imú jáde yẹn. Mo ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

N kò rántí ibi tí mo kà dé mọ́. Èyí tó kàn ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Bí o kò bá gé fídíò rẹ kúrú, ẹlòmíràn ni yóò gé e fún ọ. Mo ní kí o fi odindi rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, o sì fi ránṣẹ́. Mo gbé fóònù ti ara òpó ìdí ẹ̀rọ, mo wò ó látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn ibi tí o ti ní kò sí níbẹ̀ mọ́, o mí, o sì tún sọ pé, "Ẹ má bẹ̀rù. Ohun tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ kò tíì sọnù. Ẹ tẹ ọfà tó tẹ̀ sẹ́yìn yìí. Ẹ wò ó, ó ti padà sí àyè rẹ̀." Orúkọ bàbá náà sì padà, gbogbo rẹ̀, àmì orí rẹ̀ kò yẹ̀. Ṣé o rí i? Odindi Sákétè ló rí ìgbà tí orúkọ lọ, kò sẹ́ni tó rí ìgbà tí ó padà dé. Ẹni tó gé e fẹ́ rẹ́rìn-ín ni. Nítorí náà ẹ̀kọ́ kan fún fídíò kan. Bí o bá sì fẹ́ fi àṣìṣe han ènìyàn, àtúnṣe rẹ̀ ni kó ṣáájú, kí ọ̀bẹ ẹnikẹ́ni má lè wọ àárín wọn.

Ó yá, a ti dé Sákétè.

N kò sọ fún ọ pé mò ń lọ. Mo dìde nídìí iṣẹ́ láàárọ̀, mo gun sẹ́míjàn, ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn mi. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá wà níwájú ilé, níbi tí wọ́n ń da gàrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan sí kó lè tutù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tí gbogbo yín ń pè ní Tàńtí, jókòó tì í. Mo kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n dìde, wọ́n fún mi ní àga. Kò sẹ́ni tó bínú sí mi ní ojú. Ṣùgbọ́n Tàńtí kò jẹ́ kí n mu omi tán. Ó ní, "Kò tíì wọlé, ó ti ń nu orúkọ baálé nù. Tó bá wọlé tán, kí ni yóò kù?"

Ẹyin lohùn. Mo ní ìdáhùn tó gbóná lẹ́nu, mo gbé e mì pẹ̀lú omi. Fóònù ni mo yọ. Mo bẹ Bàbá pé kó jọ̀wọ́ bá mi wo odindi ohun tí wọ́n fi ìdajì rẹ̀ hàn án. Ó gbé fóònù náà síwájú, ó fà á sẹ́yìn, títí ojú rẹ̀ fi rí i. Ó rí i tí orúkọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó padà, ó ní kí n dá a padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fi ìka tọ orúkọ náà lójú fóònù bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó gbẹ.

Mo sọ fún un pé, "Bàbá, ọ̀rọ̀ pípa rẹ́ tán nìyẹn. Pípè ló kù. Ọmọ mi pe orúkọ yín, ẹjọ́ rẹ̀ ni, ẹjọ́ èmi tí mi ò kọ́ ọ náà ni. Mo wá tọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀, kò ní í fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi."

Tàńtí yí ojú sí ọ̀nà. Bàbá dákẹ́, ó ń fi ọwọ́ tú gàrí, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí o ka ohun tó sọ bí ó ṣe sọ ọ́.

"Ìyá Ìyàwó, gbogbo ayé ló ń pe orúkọ mi. Ọlọ́jà ń pè é, onísẹ́míjàn ń pè é, àwọn tó ń bú mi náà ń pè é. Àwọn ìyàwó ilé yìí nìkan ni kì í pè é. Kálukú wọn ló ní èyí tó ń pè mí. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, mo ti mọ ẹni tó dé láì gbójú sókè. Ọmọ yín ti ń wá síbí ọjọ́ ti pẹ́. Bàbá Àkànbí ló ń pè mí, bí ẹni tó wá ra gàrí. Ìyẹn ló ń dùn mí, kì í ṣe fídíò. Kò tíì fún mi lórúkọ."

Tàńtí ní, "Iṣẹ́ fóònù ńkọ́?" Bàbá bi í léèrè pé láti ìgbà wo ló ti gbọ́ ariwo kẹ́yìn nídìí ẹ̀rọ gbágùúdá. Bàbá wá kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ ní kó wá. Kó wá sọ èyí tó fẹ́ máa pè mí. Tí mo bá dáhùn, kí ẹ máa palẹ̀mọ́ fún ìdána."

Tí mo bá dáhùn ni ó wí, Àbẹ̀kẹ́. Kò wí pé òun máa dáhùn. Àgbàlagbà tó lè dákẹ́ ni, mo ti rí i. Nítorí náà má ṣe yára. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Má béèrè lọ́wọ́ Àkànbí, má béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé, má sì lọ wá a lórí ẹ̀rọ. Orúkọ àyálò kì í gbéni. Lọ síbẹ̀ láàárọ̀, jókòó níbi tí o ti lè rí i, bá àwọn obìnrin yẹn tú gàrí, kí o sì máa wò ó. Wo bó ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe nígbà tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wọn gàrí fún mi. Ó wọ̀n ọ́n kún, ó mì í kó lè rọ̀ sílẹ̀, ó tún dà lé e. Mo ti rí orúkọ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n tèmi ni, n kò ní í sọ ọ́ fún ọ. Èmi kọ́ ni ìyàwó wọn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ó bà mí náà ní ọjọ́ tí mo la ẹnu pe Eyínafẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, tí n kò mọ̀ bóyá ọmọ náà máa yíjú sí mi tàbí kó sá lọ bá ìyá rẹ̀. Èmi ń gbàdúrà fún ọ, mo sì fọkàn tán ojú rẹ. Ojú tó lè wo inú fóònù títí yóò fi rí ibi tí ìyá onígàrí máa ṣì tẹ̀, ojú náà lè rí ènìyàn.

Ó ku ohun kan ṣoṣo. Kí o tó sọ ọ́, yọ fóònù rẹ, wò ó dáadáa. Bí ó bá ń gba ohunkóhun sílẹ̀, dá a dúró. Pa á, kí o fi sínú àpò, kí o tó kúnlẹ̀. Ohun tí o mọ̀ ni gbogbo ayé lè máa rí lójú fóònù rẹ. Èyí kì í ṣe fún wọn. Má sì fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe fún èmi náà.

Bí ó bá dáhùn, kí o kàn pè mí, kí o má sọ ju "Màmá" lọ. Mo máa mọ̀ lóhùn rẹ. Aṣọ ìdána rẹ ti wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i. Àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ mi, ìpè rẹ ni mò ń dúró dè kí n tó gé e.

Èmi tí mo bí ọ, tí mo sì tún ń rán ọ,
Ìyá rẹ, ní Pọ́bẹ̀.